Ọjọ́ Alẹ́ Kì í Ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá apẹja kan sọ fún mi ní Gberefu, tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti ọjọ́ náà. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò ni bàbá náà jókòó sí. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ etí àwọ̀n kí ó lè fà dáadáa, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n dí ibi tó ya. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ìka ló fi ń ka ojú àwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé, "Bàbá, nígbà tí agbára ṣì wà, kí lẹ tọ́jú de ọjọ́ alẹ́?" Kò gbójú sókè. Ó fa òwú náà le, ó fi eyín já a, ó ní, "Mo tọ́jú, ọmọ mi. Mo tọ́jú dáadáa. Àmọ́ kí n tó darúgbó, oní-nǹkan ti wá kó nǹkan rẹ̀ lọ."

Ẹni tó bá mọ Gberefu yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ọ̀lẹ lè gbé. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀sà Àgbádárìgì wà níwájú rẹ̀, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni a sì fi ń dé ibẹ̀. Àwọn Ègùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ògù, ló ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ àgbọn ni wọ́n fi ń jẹun: ọkùnrin ń dẹ àwọ̀n, obìnrin ń yan ẹja, wọ́n ń rin àgbọn, wọ́n ń se òróró rẹ̀. Bàbá yìí ti ń bá ẹlòmíì fa àwọ̀n kí irùngbọ̀n tó hù ú. Nígbà tó ń sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ó sì gbin àgbọn, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí bàbá tó bí i lọ́mọ ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá gbin àgbọn nígbà èwe kò ní tọrọ iyọ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Mo ní kó sọ fún mi bí àwọn nǹkan náà ṣe lọ. Ó ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára àwọ̀n. Ìlà àgbọn àkọ́kọ́ lọ nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó tà á tòun tilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi tó fi owó ọ̀pọ̀ ọdún rà lọ nígbà tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìlà kejì lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ kan náà tó kọ́ ọ ní gbígbin àgbọn. Àwọn igi tó ṣẹ́kù wà lẹ́yìn ilé, mo rí wọn láti ibi tí a jókòó sí. Wọ́n ṣì ń so. Àmọ́ wọ́n ti ga ju ohun tí arúgbó lè gùn lọ, ọmọkùnrin tó bá sì bá a gùn ún yóò gba tirẹ̀ nínú ohun tó bá ká.

Mo ti yẹ àkọsílẹ̀ ìnáwó yìí wò síwá sẹ́yìn nínú ọkàn mi. N kò rí ẹyọ kan tí mo lè nawọ́ sí pé àṣedànù ni. Ta ni yóò ní kí ọmọ má kàwé? Ta ni yóò wo ìyàwó rẹ̀ tó ń kú lọ tí yóò sọ pé ẹ̀rọ ọkọ̀ òun ni òun fẹ́? Kò mu ún lọ́tí, kò fi ta tẹ́tẹ́, kò sì fi kó obìnrin jọ. Ibi tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹrù fún mi nìyẹn. Àwa tí a gbọ́n lẹ́nu máa ń sọ pé ẹni tó jìyà lọ́jọ́ ogbó, òun ni kò tọ́jú nǹkan nígbà èwe. A ní òwe rẹ̀ lẹ́nu: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá yìí wẹ̀yìn wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ru igbá rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń bá ará Amẹ́ríkà ṣọ́ owó ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn ìtọ́jú ènìyàn. Ilé iṣẹ́ Fidelity, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nínú wọn, sọ pé bí ènìyàn bá fi máa pé ọmọ ọdún 30, kó ti ní iye owó iṣẹ́ ọdún kan nípamọ́. Kó jẹ́ ìlọ́po 3 nígbà tó bá pé 40, ìlọ́po 6 ní 50, ìlọ́po 8 ní 60, kó sì pé ìlọ́po 10 ní 67, nígbà tó bá fẹ́ jókòó sílé. Ó mọ́lẹ̀, ó sì rọrùn láti há sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì àpapọ̀ wọn, Federal Reserve, wádìí ọ̀rọ̀ wò nílé àwọn aráàlú ní 2022, nínú àwọn ìdílé tó ní àpò ìfẹ̀yìntì, ẹni tó dúró sí àárín gbùngbùn nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún 35 ní nǹkan bí dọ́là 19,000. Láàárín 35 sí 44, dọ́là 45,000. Láàárín 45 sí 54, dọ́là 115,000. Láàárín 55 sí 64, dọ́là 185,000. Èyí kò tó ohun tí òṣùwọ̀n náà ń béèrè. Àwọn ìdílé tó sún mọ́ ìdajì ni kò sì ní irú àpò bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀ bá ń wọ́ tẹ̀ lé òṣùwọ̀n báyìí, kí ni kí ẹni tó jẹ́ pé òkun ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣe? Òkun kì í san owó lópin oṣù. Ó lè san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóru ọjọ́ kan, kó sì kọ̀ láti san kọ́bọ̀ fún oṣù kan gbáko nígbà tí ìjì bá ń jà. Ìlọ́po owó iṣẹ́ ọdún kan? Ọdún wo? Ọdún tí ẹja wá, àbí ọdún tí àwọ̀n ya?

Nílé wa níbí, òfin ti sọ tirẹ̀. Kó tó di 2004, àpò ìjọba ni owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń jáde. A kò tíì gbàgbé ohun tí ojú àwọn arúgbó rí nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà nínú oòrùn láti fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè, kí wọ́n tó lè gba ẹ̀tọ́ wọn. Òfin ọdún 2004, tí a wo ti orílẹ̀-èdè Chile ṣe, sọ pé kí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ máa dá owó sínú àpò kan tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Òfin 2014 wá tún un ṣe: agbanisíṣẹ́ yóò dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8, àjọ PenCom yóò sì máa mójú tó o. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù ṣe ìṣirò, èyí tí wọ́n sọ di 70,000 náírà ní 2024. Ìdá 8 rẹ̀ jẹ́ 5,600, ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 7,000. Àpapọ̀ 12,600 lóṣù kan. Fún ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, láìka èlé, ó jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí owó bàbá Gberefu kò ní: kò sí ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn kó ní òun wá gbà á fún owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Èyí tó ṣẹ́kù di ọjọ́ tó bá fẹ̀yìntì. Òfin ló ń bá a tì í.

Àwọn mélòó ló wà lábẹ́ òfin yẹn? Àjọ NBS, tó ń ṣírò nǹkan nílẹ̀ wa, sọ ní 2023 pé ju mẹ́sàn-án lọ nínú ẹni mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé iṣẹ́ àdáni tí kò ní ìwé àdéhùn ni wọ́n ń ṣe. Apẹja ni wọ́n, aránṣọ, onímọ́tò, aláta, àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí a bá ń jiyàn lórí iye tó yẹ kí ènìyàn ní nípamọ́ ní ọmọ ogójì ọdún, àwùjọ kékeré ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ọjà kò gbọ́ wa, etíkun kò gbọ́ wa.

Ibi tí ọkàn mi ń padà sí nígbà gbogbo ni bí owó ṣe ń rìn lọ́wọ́ wa láti kékeré títí dé ogbó. Ní ọmọ ogún ọdún, irinṣẹ́ ni à ń wá: àwọ̀n, ẹ̀rọ ìránṣọ, owó ìdásílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní ọgbọ̀n, ìyàwó dé, ilé ìkómọ kún. Ní ogójì, ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè, ìpìlẹ̀ ilé sì ti wà nílẹ̀, ó ń dúró de bíríkì. Ní àádọ́ta, òbí ń sùn, ọmọ ń ṣègbéyàwó, ara wa fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè oògùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìnáwó yìí ló mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ á fi ìwé owó lé ọmọ lọ́wọ́ wálé. Onílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù. Àna á rán alárinà. Òkú kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ mọ̀lẹ́bí á bá a sọ ọ́, ohùn wọn á sì ròkè. Ọjọ́ alẹ́ nìkan ni kì í ránṣẹ́. Kì í kọ ìwé, kì í dójú tini níwájú ẹgbẹ́, kì í lé ọmọ ẹni wálé láti ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà òun là ń sún síwájú, ní ọgbọ̀n, ní ogójì, ní àádọ́ta. Ọjọ́ tó bá sì máa dé, kì í bá wa dúnàádúrà.

Ẹnì kan yóò sọ pé ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì Yorùbá. Òwe rẹ̀ wà: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. N kì í ṣe ọ̀tá òwe yìí. Mo ti rí ọmọ tó kọ́lé fún ìyá rẹ̀ kó tó kọ́ tirẹ̀. Mo ti rí arúgbó tí kò mọ iye tí àpò ìrẹsì kan ń jẹ́, nítorí àwọn ọmọ kì í jẹ́ kó tán nílé. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ayé kí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ orí ọmọ náà. Nígbà tí bàbá bá pé ọmọ àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ wà ní ogójì, àkókò tí gbogbo ìránṣẹ́ tí mo kà lẹ́ẹ̀kan ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmú kan náà tí òkété àgbà fẹ́ mu ni àwọn ọmọ-ọmọ ń mu lọ́wọ́. Bí wàrà bá kéré, ta ni yóò kọ́kọ́ já lẹ́nu rẹ̀? Arúgbó ni, nítorí arúgbó ní sùúrù, kì í sunkún lóru.

Àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí. Láti 2012 ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi òṣìṣẹ́ sínú ètò ìfẹ̀yìntì láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ béèrè, bó bá ti pé ọmọ ọdún 22, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì tó iye tí òfin là sílẹ̀. Lónìí ohun tó ń wọ inú àpò náà jẹ́ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òfin kà: 5 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, 3 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Kí ọmọ yẹn tó rí owó rẹ̀, wọ́n ti yọ ti ọjọ́ alẹ́ tirẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ló tún máa yọ ti ọjọ́ alẹ́ bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí Àgbádárìgì tàbí Ìbàdàn. Òfin ló fi ń tọ́jú ara rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ń tọ́jú òbí rẹ̀. Ìfẹ́ lágbára, àmọ́ òfin kì í rẹ̀ ẹ́, òfin kì í gbàgbé, ìyàwó kì í bá òfin jà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn bàbá náà ni ìlà àgbọn kejì, èyí tó lọ síbi ìsìnkú. Àgbọn tí baba kan ní kí ọmọ gbìn nítorí ogbó ni a gé jẹ lọ́jọ́ ìsìnkú baba náà. N kò sọ pé kí a sin òkú bí ẹran. Ògù àti Yorùbá jọ mọ iyì òkú àgbà, mo sì mọ ohun tí ẹbí lè ṣe fún ẹni tó bá ní òun kò ní. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, ó rọrùn láti rí ogún ènìyàn tí yóò dá owó màlúù fún ìsìnkú ìyá àgbà ju láti rí ènìyàn méjì tí yóò dá owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ẹni ọdún 50 tó ná ọdún mẹ́wàá ìtọ́jú rẹ̀ sórí aṣọ ẹbí àti ìlù, ara rẹ̀ ní ọmọ 70 ọdún ló jà lólè. Àwọn ọmọ rẹ̀ á sì tún jẹ gbèsè láti sin òun náà. Bí ìṣẹ́ ṣe ń jogún ìṣẹ́ nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní ọ̀wọ̀.

Iyèméjì kan wà tí n kò lè fi pamọ́. Bí ènìyàn bá fi owó pamọ́, ṣé owó náà yóò wà níbẹ̀ nígbà tó bá padà dé? Ẹni tó tọ́jú 100,000 náírà ní 2004, ó tọ́jú ohun tó ju dọ́là 700 lọ. Ní òpin 2024, iye náírà kan náà kò tó dọ́là 70. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ NBS sọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Nígbà tí mo bá rántí èyí, n kì í lè fi ẹnu kékeré sọ pé àgbọn bàbá kò dára tó àpò báńkì. Àgbọn tí a gbìn ní ọmọ ọdún 25 yóò bẹ̀rẹ̀ sí so kí ẹni tó gbìn ín tó pé 33, ó sì lè máa so títí tí onítọ̀hún á fi kọjá 80. Bí ọjà bá gbówó lórí, owó àgbọn á bá a gòkè. Báńkì wo ló lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀ igi náà ní ìṣòro tirẹ̀. Òkun ń jẹ etí ilẹ̀, àrùn ń mú àgbọn, àwọn tó ń ra ilẹ̀ sì ti mọ ọ̀nà Gberefu, pàápàá láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ èbúté ńlá Àgbádárìgì ti ń jà ràn-ìn. Kókó ibẹ̀ ni pé owó kò sàn ju igi, igi kò sì sàn ju owó, bí méjèèjì kò bá ti ní ẹni tí a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún. Bàbá gbin àgbọn, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ara rẹ̀, pé ìlà yìí ni ti ọmọ, ìlà yìí ni ti àìsàn, ìlà yìí ni ti arúgbó tí mo máa dà. Gbogbo ìlà ló jẹ́ ti gbogbo ọ̀ràn. Ọ̀ràn tó kọ́kọ́ dé ló kó wọn.

A kò ṣàì mọ bí a ṣe ń ya owó sọ́tọ̀. Èsúsú àti àjọ wà kí òyìnbó tó kó báńkì dé. Àwọn àgbà wa ṣì ń yin ọlọ́pọlọ pípé pé orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ta mọ́tò mẹ́ta láti ra kẹ̀kẹ́ kan. Alájọ náà kú ní 2012, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ kò kú: mọ́tò kò lè wọ ẹsẹ̀ ọ̀nà ọjà níbi tí àwọn olówó àjọ wà, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ó lọ bá owó níbi tí owó wà. Títí di òní, alájọ á dé ìsọ̀ láàárọ̀, á gba 500, á fi bírò fa ìlà sínú ojú kan lórí káàdì, ojú ọgbọ̀n ni káàdì náà ní. Bí oṣù bá pé, á yọ 500 ti ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀, á kó 14,500 fún oní-nǹkan. Ìyá aláta tó ń sọ pé òun kò lè tọ́jú owó ló ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ lójú gbogbo ayé. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ẹnì kan wá béèrè. Alájọ ń ránṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé àjọ kì í pẹ́. Oṣù tàbí ọdún ló mọ, lẹ́yìn náà a ó kó o, ọdún Kérésì tàbí Iléyá á gbà á. Àjọ ọdún ọgbọ̀n kò sí lọ́jà. PenCom gbìyànjú láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 2019, Ààrẹ Buhari ṣí ètò ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ àdáni. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nìyí: ènìyàn lè dá iye tó bá wù ú nígbà tó bá wù ú, nínú gbogbo ohun tó bá dá, ìdá 40 wà nílẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì, ìdá 60 dúró de ogbó. Mo fẹ́ràn ìpín yẹn, nítorí ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ ayé wa: ó mọ̀ pé ọmọ á ṣàìsàn, ó sì mọ̀ pé àgbà á dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí 2023 ń parí, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ kò tíì pé 120,000 ní gbogbo Nàìjíríà. Ètò náà dára lórí ìwé. Kò ní kẹ̀kẹ́.

Ní Kenya, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní jua kali ti ní irú rẹ̀ láti 2011, tí wọ́n ń pè ní Mbao: ṣílè 20 lójúmọ́, láti orí fóònù. Kò sí ìrìn-àjò lọ sí ọ́fíìsì, kò sí ìwé ńlá. Bí tiwa bá máa dé Gberefu, ó ní láti gba ẹnu àwọn tí Gberefu ti fọkàn tán: alájọ tó ń gba owó ọwọ́ wọn, ẹgbẹ́ apẹja, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta àgbọn. Ó ní láti jókòó létí ọ̀sà níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀, kó sì sọ Ègùn.

Àwọn àlejò tó ń lọ sí Gberefu, ìtàn ẹrú ló ń gbé wọn lọ. Wọ́n ń rìn nínú iyanrìn dé etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn baba wa sínú ọkọ̀ tí kò ní padà. Nígbà tí mo dúró níbẹ̀, mo ronú pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ju òmìnira lọ. Wọ́n gba ogbó wọn pẹ̀lú. Wọ́n sọ wọ́n di ẹni tó ń fi agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì títí agbára fi tán, tí kò ní ibi tó lè gbé orí lé lọ́jọ́ alẹ́. Àwa tí a wà lómìnira ní etíkun kan náà, kò yẹ kí a fọwọ́ ara wa já ogbó wa sílẹ̀, kò sì yẹ kí ìjọba tí à ń san owó orí fún wo arúgbó apẹja bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Ní 2011, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó tí kò ní ohunkóhun ní 5,000 náírà lóṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìpínlẹ̀ Yorùbá lè ka arúgbó kún.

Ta ni mo wá ń bá wí? Ẹni tó bá ti kọjá 60 kọ́, àwọn ọmọ àti ìjọba ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹni ọdún 50, ó ṣì kù ọdún díẹ̀ tí agbára wà: dín ìnáwó òkú kù, kí o sì kọ orúkọ ara rẹ sára ohun kan tí o ní kí o tó pín in fún ọmọ. Ẹni ogójì, má ṣe kọ́ ilé tó tóbi tó fi jẹ́ pé ogbó rẹ ni yóò jẹ́ bíríkì rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà láàárín ogún sí ọgbọ̀n ni mo bẹ̀ jù, nítorí ọdún pọ̀ lọ́wọ́ yín ju owó lọ. Àdúrà wa ni pé kí alẹ́ san wá ju òwúrọ̀ lọ, àmọ́ òwúrọ̀ la ti ń san owó rẹ̀. Bí alájọ bá dé lọ́la, ẹ gba káàdì méjì. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ti ọdún yìí. Ẹ kọ "ọjọ́ alẹ́" sára èkejì, ìbáà jẹ́ 100 náírà lójúmọ́, ẹ máa kó o lọ sínú àpò ìfẹ̀yìntì tàbí sórí ilẹ̀ tí ẹ gbin igi sí, kí ẹ sì sọ fún ọkọ, ìyàwó àti ẹbí yín pé owó yìí ti ní oní-nǹkan, ẹ̀yin ni, ẹ kò sì tíì dàgbà tó láti wá gbà á.